Orí Kẹta: Ipá, Ẹrù àti Ìrìn ní Missèbo

Bélì òkírìkà kan sábà máa ń tó kílò 45 sí 55. Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Kánádà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Inú kọ̀nténà ló ń bá gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọnu, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kó o lọ sí Missèbo, àdúgbò oníṣòwò tí kò jìnnà sí ọjà Dantokpa, níbi tí àwọn ọmọ Íbò ti pọ̀ nínú àwọn tó ń tà á, tí Yorùbá àti Fọ̀n náà kò sì gbẹ́yìn. Ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó aṣọ àlòkù wọ̀lú láti ọjọ́ pípẹ́, síbẹ̀ púpọ̀ nínú ẹrù yìí ṣì ń rọ́nà gba ẹnubodè kọjá. Kí bélì kan tó kúrò nínú kọ̀nténà dé ọwọ́ ẹni tí yóò tú u tà, wọ́n á ti gbé e, wọ́n á ti tì í, wọ́n á ti wọ́ ọ, wọ́n á ti yí i lórí símẹ́ńtì, wọ́n á sì ti jù ú sílẹ̀ gbì.

Kò sí ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí tí àwọn òfin mẹ́ta tí Isaac Newton tẹ̀ jáde ní ọdún 1687 kò kàn.

Látìnì ni Newton fi kọ ìwé tí àwọn òfin náà wà nínú rẹ̀. Obìnrin ará Faransé kan, Émilie du Châtelet, ló túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tirẹ̀, lódindi ni ìtumọ̀ náà sì jáde ní ọdún 1759, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí obìnrin náà ti kú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ PCT, ìyẹn físíìsì, kẹ́mísìrì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, nílé ìwé girama ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí ń jẹ nínú ogún iṣẹ́ yẹn. Orí yìí gbé àlàyé náà wá sí Yorùbá, ó sì lọ mú àpẹẹrẹ rẹ̀ níbi tí ẹrù ti ń rìn lójú gbogbo ayé, nítorí ìwé tó bá ń fi ohun tó ń yọ̀ lórí yìnyín ṣàpẹẹrẹ fún ọmọ tí kò rí yìnyín rí, ó kàn ń dá ọmọ náà lágara ni.

Kí ni ipá?

Ipá ni títì tàbí fífà tí nǹkan kan ń ṣe sí òmíràn. Ojú kì í rí ipá. Ohun tí ipá ṣe lojú ń rí. Ẹrù tó dúró bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, èyí tó ń rìn dúró, èyí tó ń lọ tààrà yà bàrá, aṣọ tó tú ká fún pọ̀. Newton ni orúkọ ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ipá. Newton kan ni ipá tó jẹ́ pé, bó bá ń ti ohun tó jẹ́ kílò kan, ìyára ohun náà yóò máa fi mítà kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá lé sí i ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbé tòmátò kékeré tí kò ju gíráàmù 100 lọ sórí àtẹ́lẹwọ́ ti ń lo nǹkan bíi newton kan.

Yàtọ̀ sí bí ipá ṣe pọ̀ tó, ó ní ìhà tó kọjú sí. Bí alábàárù méjì bá ń ti ọmọlanke láti ẹ̀yìn, tí ọ̀kan lo newton 100, tí èkejì lo 80, newton 180 ló ń ti ọmọlanke. Bí ẹni tó lo 80 bá bọ́ síwájú, tó ń tì í padà, 20 péré ló kù, ìhà tí ẹni tó lágbára jù dojú kọ ló sì máa yí lọ. Àwọn àgbà ní ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ẹni tó bá ti wo bí wọ́n ṣe ń di bélì ru alábàárù á mọ̀ pé ìṣirò gidi wà nínú òwe yẹn: bélì kílò 50 ń fi nǹkan bíi newton 489 tẹ̀ sísàlẹ̀, ènìyàn méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ń fi 250, 250 gbé e sókè, 500 borí 489, ẹrù gòkè. Èyí tó kù lẹ́yìn tí gbogbo títì àti fífà bá ti pa ara wọn rẹ́ ni orí yìí ń pè ní ipá tó ṣẹ́kù. Òun gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ máa wá nínú gbogbo ìbéèrè, nítorí ọ̀pọ̀ àṣìṣe nínú ìdánwò ló ń wá láti ibi tí wọ́n ti ka ipá kan, tí wọ́n gbàgbé èkejì.

Ìrìn nìkan kò gba ipá

Aristotle, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Gíríìsì tó kú ní ọdún 322 ṣáájú ìbí Jésù, gbà pé ohunkóhun tó bá ń rìn lórí ilẹ̀, nǹkan kan ló ń tì í, àti pé bí títì náà bá dáwọ́ dúró, ìrìn náà parí. Ní àdúgbò tí wọn kò tíì da ọ̀dà sí ní Kútọnu, ọ̀rọ̀ yìí jọ òótọ́ pátápátá. Orí iyanrìn ni ìlú náà tẹ̀dó sí, láàárín òkun àti adágún Nokoué. Táyà ọmọlanke á rì, alábàárù á fi èjìká kún ọwọ́, bó bá sì tú ọwọ́ sílẹ̀ báyìí, kẹ̀kẹ́ dúró gbagidi.

Àwọn tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa kò gbà. Ní Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà lẹ́yìn ìbí Jésù, John Philoponus bèèrè ohun tó ń ti ọfà lẹ́yìn tó ti kúrò lára ọrun. Aristotle ti ní afẹ́fẹ́ ni. Philoponus ní rárá, pé afẹ́fẹ́ ń dí ọfà lọ́wọ́ ni, kò tì í. Ó tó ẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn rẹ̀ kí Galileo ará Ítálì tó yí bọ́ọ̀lù kéékèèké lórí pátákó tó dagun, tó rí i pé bí ojú ọ̀nà bá ṣe ń dán sí i ni bọ́ọ̀lù ń jìnnà sí i. Ó wá ronú débi tí ọwọ́ kò lè dé: bí ojú ọ̀nà bá dán tó bẹ́ẹ̀ tí kò dí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rárá, kí ni yóò dá a dúró? Kò sí.

Òfin kìíní Newton nìyẹn. Ohun tó dúró yóò wà ní ìdúró, èyí tó ń rìn yóò máa rìn tààrà ní ìyára kan náà, àfi bí ipá tó ṣẹ́kù bá kàn án. Agídí ohun ni orúkọ tí orí yìí fún ìwà náà, nítorí pé ohun tó dúró ń ṣagídí sí ìrìn, ohun tó ń rìn náà sì ń ṣagídí sí ìdúró.

Kí ló wá ń dá ọmọlanke dúró? Ìdìmú ni, ìyẹn ipá tó ń jáde níbi tí nǹkan méjì bá ti fara kan ara wọn, tí ọ̀kan sì ń gbìyànjú láti yọ̀ tàbí láti yí lórí èkejì. Ká ní ọmọlanke kan jẹ́ kílò 50, ó sì ru bélì mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 50. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 250, ìwúwo rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi newton 2,450. Lórí ọ̀dà tó dán, bí táyà bá le, ìdìmú kì í ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwúwo náà lọ, ìyẹn nǹkan bíi newton 50. Lórí iyanrìn tó fọ́n ká, ó lè tó ìdá 20 nínú 100, ìyẹn newton 490. Ẹrù kan náà, kẹ̀kẹ́ kan náà, ipá ìlọ́po mẹ́wàá. Ọ̀dà tí wọ́n ti ń dà sí ọ̀nà àdúgbò ní Kútọnu láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àǹfààní rẹ̀ fún oníkẹ̀kẹ́ ẹrù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà ìlú rárá. Ẹ̀yìn àti ìbàdí ló ń gbà sílẹ̀.

Agídí ohun hàn lára ènìyàn pẹ̀lú. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn zémidjan mọ̀ pé bí ọlọ́kadà bá fún iná lójijì, ara òun á fà sẹ́yìn, bó bá sì tẹ bíréèkì, ara á rọ́ síwájú. Kò sí ohun tó tì í lọ síhà yẹn nígbà méjèèjì. Ọ̀kadà ló yí ìyára padà, ara ẹni náà sì fẹ́ wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bélì tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà ń ṣe bákan náà; bí okùn bá dẹ̀, ìgbà tí ọlọ́kadà bá dúró lójijì ni bélì á rántí ìyára tó ní.

Ìbẹ̀rẹ̀ àti ìdúró

Òfin kejì ló ní ìṣirò nínú. Ó ní àyípadà tó ń bá ìyára ohun kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ipá tó ṣẹ́kù, bí a bá fi iye kílò ohun náà pín in. Ipá púpọ̀, àyípadà kíákíá. Kílò púpọ̀, àyípadà díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọmọlanke kílò 250 tó dúró lórí ọ̀dà. Alábàárù fi newton 150 tì í. Ìdìmú gba 50 nínú rẹ̀, ó ku 100. Bí a bá fi 250 pín 100, ìdáhùn jẹ́ 0.4. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá kan, ọmọlanke ń rìn ní mítà 0.4 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá. Lẹ́yìn méjì, 0.8; lẹ́yìn mẹ́ta, 1.2, èyí tó jẹ́ ìrìn ẹsẹ̀ ènìyàn tí kò kánjú. Láti ibẹ̀ lọ, bí kò bá fẹ́ yára sí i, newton 50 péré ló kù kó máa tì, kí ó lè pa ìdìmú rẹ́. Ìdá mẹ́ta ipá tó fi bẹ̀rẹ̀ ló ń lò, ó sì lè rìn bẹ́ẹ̀ dé òpin títì.

Ohun tó ń ná alábàárù lágbára nìyí: kì í ṣe ìrìn, bí kò ṣe bíbẹ̀rẹ̀ àti dídúró. Ìdí nìyẹn tó fi ń pariwo “Ẹ yàgò! Ẹ yàgò o!” láàárín èrò. Bó bá dúró lẹ́ẹ̀kan nítorí ẹni tó ń yẹ ṣẹ́ẹ̀tì wò láàárín títì, ó ti da agbára tó ti ná tẹ́lẹ̀ nù. Yóò tún fi newton 150 bẹ̀rẹ̀ láti ìdí.

Dídúró lójijì tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ọmọ kan já sí iwájú kẹ̀kẹ́ náà, tí alábàárù ní ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá péré láti dá a dúró. Ìyára 1.2 gbọ́dọ̀ di òdo láàárín 0.5, àyípadà 2.4 nìyẹn, ìlọ́po rẹ̀ pẹ̀lú 250 jẹ́ newton 600. Ìdìmú á bá a san 50. Ọwọ́ alábàárù gbọ́dọ̀ san 550, èyí tó ju ìwúwo bélì kan lọ, tí yóò sì fà á sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń sọ pé àwọn oníkẹ̀kẹ́ ẹrù kò bìkítà fún ènìyàn yẹ kí wọ́n ṣe ìṣirò yìí. Agbára ènìyàn kan kò ká a. Kíkó ẹrù níwọ̀n àti pípín ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kúrò lára ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ló lè gba ọmọ náà là.

Ó tún ku bélì tí wọ́n jù sílẹ̀ láti orí ọkọ̀ akẹ́rù. Láti gíga mítà 1.2, yóò balẹ̀ ní ìyára mítà 4.8 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bó bá jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà 10 péré ni aṣọ inú rẹ̀ fi fún pọ̀ kó tó dúró, ipá tí ilẹ̀ fi dá a dúró jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 13 ìwúwo rẹ̀, ó ju newton 6,000 lọ. Kò sí ọrùn ènìyàn tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ ẹrù bẹ́ẹ̀. Àṣíborí ọlọ́kadà ń lo òfin kan náà láti dáàbò boni: fóòmù inú rẹ̀ ń fún wọlé díẹ̀díẹ̀ nígbà tí orí bá gbá ilẹ̀, ó ń fi ìdúró orí falẹ̀, ipá tó kan agbárí sì dín kù. Fóòmù tó bá ti fún lẹ́ẹ̀kan kì í padà sípò, nítorí náà àṣíborí tó ti ní jàǹbá ti parí iṣẹ́ rẹ̀.

Kílò kì í ṣe ìwúwo

Lẹ́nu ọjà, ọ̀kan náà ni kílò àti ìwúwo. Nínú físíìsì, wọ́n yàtọ̀. Kílò ń sọ bí agídí ohun kan ṣe pọ̀ tó; ìwúwo ni ipá tí òòfà ilẹ̀ ayé fi ń fà á. Bélì kílò 50, kílò 50 náà ni níbikíbi, ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ ń yí padà pẹ̀lú ibi tó bá wà. Ní Kútọnu, tó sún mọ́ ìlà tó pín ayé sí méjì, òòfà ń fa kílò kọ̀ọ̀kan ní newton 9.78. Ní Hamburg ní Jámánì, ó jẹ́ 9.81. Lórí òṣùpá, kò ju 1.62 lọ.

Bí oníṣòwò kan bá fi òṣùwọ̀n onísípírínǹgì tí wọ́n ṣètò ní Hamburg wọn bélì kílò 50 níbẹ̀, tó wá gbé òṣùwọ̀n àti bélì náà wá sí Missèbo, òṣùwọ̀n náà yóò fi nǹkan bí gíráàmù 170 dín. Kò sí ẹni tó jí ṣẹ́ẹ̀tì kan nínú rẹ̀. Sípírínǹgì ìwúwo ló ń wọ̀n, ìwúwo sì ti dín. Òṣùwọ̀n onípẹpẹ méjì, tó ń fi òkúta ìwọ̀n dógba pẹ̀lú ẹrù, kò ní rí ìyàtọ̀ kankan, nítorí òòfà dín fún pẹpẹ méjèèjì bákan náà.

Ìwúwo tó pọ̀ kì í mú kí nǹkan yára ṣubú. Òòfà ń fa bélì ju ìbọ̀sẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n agídí bélì náà pọ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po kan náà. Afẹ́fẹ́ ló ń da ọ̀ràn rú. Ní ọdún 1971, David Scott tó bá ọkọ̀ Apollo 15 lọ sórí òṣùpá, níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, jọ̀wọ́ òòlù àti ìyẹ́ ẹyẹ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì balẹ̀ pọ̀.

Ipá kì í dá wá

Òfin kẹta ní: bí nǹkan kan bá ti òmíràn, òmíràn náà ń tì í padà ní ìwọ̀n kan náà, ní ìhà kejì. Bélì fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí tó sún mọ́ni jù. Ẹ̀rọ ìfúnmọ́ ló ń tẹ òkìtì aṣọ wọlé títí yóò fi le koránkorán. Bí irin ẹ̀rọ ṣe ń tẹ aṣọ ni aṣọ ń tẹ irin padà, iye kan náà, kò fi newton kan dín. Wọ́n á wá fi ọ̀já ike tàbí ti irin dè é, kí wọ́n tó tú ẹ̀rọ kúrò. Láti ìgbà náà, ọ̀já ló ń gba títẹ̀ náà, nínú ọkọ̀ ojú omi, nínú kọ̀nténà, lórí ọmọlanke. Ní Missèbo, nígbà tí ọ̀bẹ bá kan ọ̀já àkọ́kọ́, á dún pá, igun bélì á wú. Ní ìkejì, aṣọ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí. Nígbà tí ọ̀já tó kẹ́yìn bá já, òkìtì tó ti fún pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ á dìde, á sì tú ká. Ẹni tó gbé ojú sún mọ́ ọ̀já tó le bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń gé e ń fi ojú rẹ̀ wewu.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Bélì wà lórí alábàárù: ìwúwo ń fà á sísàlẹ̀ ní newton 489, orí ń tì í sókè ní newton 489. Wọ́n á ní òfin kẹta nìyẹn. Kì í ṣe òun. Ipá méjèèjì yìí orí ohun kan ṣoṣo ni wọ́n wà, ìyẹn bélì, òfin kìíní ló sì sọ pé wọ́n dógba nítorí pé bélì kò gòkè, kò sì ṣubú. Òfin kẹta gba ohun méjì. Èkejì ipá tí orí fi ti bélì ni ipá tí bélì fi tẹ orí. Èkejì ipá tí ayé fi fa bélì sísàlẹ̀ ni ipá tí bélì fi fa gbogbo ayé sókè, newton 489 náà ni; ayé pọ̀ ju kí ojú rí ìrìn tó rìn lọ. Bí alábàárù bá bẹ́ sókè díẹ̀, orí á tẹ bélì ju 489 lọ, ṣùgbọ́n bélì á tẹ orí ní iye tuntun náà gẹ́lẹ́. Dídógba ti òfin kìíní lè bàjẹ́. Ti òfin kẹta kì í bàjẹ́ láé.

Òfin yìí kan náà ló ń gbé ènìyàn rìn: ẹsẹ̀ ń ti ilẹ̀ sẹ́yìn, ilẹ̀ ń ti ẹsẹ̀ síwájú, ìdìmú ló sì jẹ́ kó ṣeé ṣe. Lórí Nokoué, ẹni tó ń tukọ̀ lọ sí Ganvié á ki ọ̀pá gígùn bọ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi, á tì í sẹ́yìn, ẹrẹ̀ á sì ti ọkọ̀ síwájú.

Ọ̀rọ̀ ẹrù orí ṣì ní ohun ìyanu kan. Ní ọdún 1986, ìwádìí kan nípa àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní Kẹ́ńyà jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Ó fi hàn pé wọ́n lè ru ẹrù tó tó ìdá 20 nínú 100 ìwúwo ara wọn láìjẹ́ pé afẹ́fẹ́ tí ara wọn ń lò pọ̀ sí i. Ìwádìí tó tẹ̀lé e ní ọdún 1995 rí i pé bí ara wọn ṣe ń lọ sókè sódò nínú ìrìn ló yàtọ̀: agbára tó ń sọnù láàárín ìgbésẹ̀ kan sí èkejì lára ẹlòmíràn, wọ́n ń rí púpọ̀ nínú rẹ̀ lò padà. Ọgbọ́n tí ara kọ́ láti kékeré ni. Ṣùgbọ́n bélì kílò 50 lórí ọkùnrin kílò 65 jẹ́ ìdá 77 nínú 100, ó ti kọjá ibi tí ọgbọ́n ìrìn lè gbà á dé. Òṣùká kò dín newton kan kù nínú rẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń pín 489 náà káàkiri àtàrí, kí ó má bàa dá gún ibì kan.

Ìdánrawò

Pátákó tó gùn ní mítà 3.6 ni wọ́n fi ń ti bélì kílò 50 gòkè sínú ọkọ̀ tó ga ní mítà 1.2. Bí kò bá sí ìdìmú rárá, ipá mélòó ló máa tó, kí sì ni alábàárù fi san èrè náà padà? Kí akẹ́kọ̀ọ́ ya gbogbo ipá tó kan bélì náà pẹ̀lú ọfà, kó sì tọ́ka sí èkejì ọ̀kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí òfin kẹta ṣe wí. Lẹ́yìn náà, kó ṣírò àyípadà tó ń bá ìyára bélì kan náà ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan nígbà tí wọ́n ń wọ́ ọ lórí símẹ́ńtì títẹ́jú, níbi tí ìdìmú jẹ́ ìdajì ìwúwo nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, tó sì di ìdá mẹ́ta rẹ̀ nígbà tí òjò rin ín, bí ẹni tó ń wọ́ ọ bá ń lo newton 260 nígbà méjèèjì.